Nọ́ọ̀tì Tó Gbóná

Gègé ni wọ́n fi rẹ́ Thad Kubiak jẹ. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí yìnyín bo ọgbà ọkọ̀ Harkaway mọ́lẹ̀ ní Toledo, ìlú etí adágún ní Ohio, tí èémí ń jáde lẹ́nu èèyàn bí èéfín, ni wọ́n rẹ́ ẹ jẹ níṣojú gbogbo dírẹ́bà, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ lé e.

Iléeṣẹ́ tírélà Harkaway ṣí ọgbà tuntun sí Yakima, lápá Ìwọ̀-Oòrùn lọ́hùn-ún, níbi tí oko ápù ti lọ salalu dé ẹsẹ̀ òkè. Dírẹ́bà kan péré ni wọ́n fẹ́ mú láti Toledo lọ síbẹ̀. Nínú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ awakọ̀, ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ẹnu iṣẹ́ ni àgbà, àgbà ló sì ń kọ́kọ́ mú. Kò sẹ́ni tó ń jiyàn èyí. Àwọn àgbà pátápátá ti kọ́lé sí Toledo, wọ́n ní àwọn ò lọ. Ọ̀rọ̀ wá kan Thad àti ọ̀rẹ́ rẹ̀, Royce Dillard. Àárọ̀ ọjọ́ kan náà ni wọ́n gba àwọn méjèèjì síṣẹ́, ẹnu ọ̀nà kan náà ni wọ́n jọ gbà wọlé, kò sí ẹni tó ju ẹnì kejì.

Bí irú èyí bá ṣẹlẹ̀, gègé ni ẹgbẹ́ máa ń ṣẹ́. Wọ́n á mú nọ́ọ̀tì táyà méjì, wọ́n á kun ọ̀kan ní pupa, wọ́n á jù wọ́n sínú ìbọ̀wọ́ ńlá. Ẹni tó bá fa pupa yọ ló di àgbà títí ayé.

Mert Gansel, aṣojú ẹgbẹ́ nínú ọgbà, ló di ìbọ̀wọ́ náà mú. Mert yìí kan náà sì ni ẹ̀gbọ́n Nadine, ìyàwó Royce.

"Ọwọ́ mi ti kú," ni Royce wí, ó ń fẹ́ èémí sí ìka rẹ̀. "Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fà, kí n tètè padà sídìí sítóòfù."

"Fà á, jàre," ni Thad dá a lóhùn. Ó ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni.

Royce ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, kò tú u wò, kò pẹ́ rárá, ó yọ pupa. Ariwo ta. Thad na ọwọ́ láti bá a yọ̀. Inú dídùn mú Royce gbàgbéra, ọwọ́ tí nọ́ọ̀tì wà ló nà sí i. Nọ́ọ̀tì náà gbóná. Kì í ṣe lílọ́ wọ́ọ́rọ́ ti àtẹ́lẹwọ́ o. Ó gbóná bí ẹyin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú omi. Thad sáré ki ọwọ́ bọ inú ìbọ̀wọ́, ó kan èkejì. Yìnyín ilẹ̀ kò tutù tó o.

Ó kígbe pé ojóró ni. Àmọ́ kí nọ́ọ̀tì náà tó ti ọwọ́ kan dé ọwọ́ kejì, òtútù ti mú un.

"Àtẹ́lẹwọ́ Royce ló ti ń bọ̀," ni Mert wí, "ṣé kò yẹ kó gbóná ni? Àbí òkú ni Royce?"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pe Thad ní Nọ́ọ̀tì Gbígbóná, orúkọ náà sì bá a dé ọjọ́ ogbó.

Èyí kọ́ ló dùn ún jù. Verna ìyàwó rẹ̀ ti ń palẹ̀ ẹrù mọ́ nílé. Ó ti gé àwòrán oko ápù kan nínú kàlẹ́ńdà Harkaway, igi gbogbo yọ òdòdó funfun, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ilé ìdáná. Nígbà tí Thad délé tó ròyìn fún un, Verna gbọ́ ọ títí, ó sì nu ọwọ́ rẹ̀ sára aṣọ.

"Thad," ló wí, "bí èèyàn bá pàdánù, kó gbà pé òun pàdánù."

Ọ̀rọ̀ yìí wọ Thad lára ju òtútù ọjọ́ náà lọ. Kò fi lu Verna, kò fi bá a jà, ó kàn gbé e sínú.

Wọ́n ní kéèyàn máa gbàgbé. Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé. Ẹni tó kó o kì í gbàgbé.

Nígbà náà, ta ló ń ro ọjọ́ alẹ́? Ẹni tí kò tíì pé ọmọ ogójì ọdún kì í béèrè ẹni tó máa bá òun ra oògùn lọ́jọ́ ogbó. Ápù ni wọ́n ń rò, àti ilé tó jìnnà sí yìnyín adágún. Ohun tí wọn kò mọ̀ ni pé ìkòkò ọ̀tọ̀ ni wọ́n ti ń se owó ìfẹ̀yìntì ẹkùn kọ̀ọ̀kan, bó tilẹ̀ jẹ́ ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ni gbogbo wọn. Ìkòkò Ìwọ̀-Oòrùn kún. Ọkọ̀ ò dáwọ́ dúró níbẹ̀, ọ̀dọ́ sì ń wọṣẹ́ lójoojúmọ́. Ìkòkò àárín ilẹ̀, ti Toledo, iléeṣẹ́ ń kú lórí rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ẹni tó ń bù fi pọ̀ ju ẹni tó ń pọnmi sí i lọ. Ọgbà Harkaway ti Toledo náà kú. Ètò ìwòsàn tí wọ́n ṣe fún àwọn arúgbó rẹ̀ kú pẹ̀lú rẹ̀. Ìjọba ń san tirẹ̀ lórí àìsàn àgbàlagbà, àmọ́ èyí tó kù, ẹni tó ń ṣàìsàn ló ń gbé e. Ní Yakima, ẹgbẹ́ ló ń gbé e.

Lọ́dọọdún, bí Kérésìmesì bá ti ń sún mọ́lé, àpótí ápù kan á dé láti ọ̀dọ̀ Royce. Thad á gbé e lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì bí ó ṣe wà, á gbé e síbi tí àwọn akólẹ̀ ti ń kó ìdọ̀tí.

"Ṣé Ohio ò ní ápù ni?" ló máa ń wí. "Aṣenibánidárò!"

Verna á gba ẹ̀yìnkùlé jáde, á kó díẹ̀ wọlé sínú aṣọ ìdáná rẹ̀. Thad máa ń rí èèpo rẹ̀ nínú garawa. Kò sọ̀rọ̀ rí. Ohun mìíràn náà wà tó rí tí kò sọ. Láràárọ̀ tí tẹlifíṣọ̀n bá ń ka ojú ọjọ́ gbogbo ilẹ̀, bó bá kan Ìwọ̀-Oòrùn, ife kọfí Verna á dúró ní agbedeméjì tábìlì àti ẹnu. Bí wọ́n bá ti kà á tán, ife á tẹ̀síwájú. Àwòrán orí ògiri ti ṣá, òdòdó rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ìwé mọ́, àmọ́ nígbà tí Thad kun ilé ìdáná, ó kun ògiri yí àwòrán náà ká.

Thad náà ní tirẹ̀. Nígbà tó ṣì ń wakọ̀, ó gbé ẹrù dé Nebraska lọ́jọ́ kan. Nígbà tó já a tán, ó jókòó sínú tírélà, ó ń wo títì tó ń lọ sí Ìwọ̀-Oòrùn, tó tọ́ gbọọrọ bí okùn. Ó rí Verna lójú inú, tó jókòó sábẹ́ igi ápù, tó bọ́ bàtà. Ó tó ìgbà díẹ̀ kó tó yí ọkọ̀ padà sí ọ̀nà ilé.

Ní ọdún kan, lẹ́yìn tí Thad ti fẹ̀yìn tì, ìròyìn dé sí gbọ̀ngán ẹgbẹ́ pé wọ́n fẹ́ gé owó ìfẹ̀yìntì ẹkùn àárín, ó kù díẹ̀ kí ohun tí wọ́n máa gé tó ìdajì. Ọjọ́ Ẹtì ni, ọjọ́ tí wọ́n máa ń din ẹja adágún fún àwọn arúgbó. Kò sẹ́ni tó lè jẹ ẹja náà mọ́.

"Nọ́ọ̀tì Gbígbóná," ni ẹnì kan pè láti tábìlì kejì, "ká ní pupa lo fà ni, ò bá máa fún wa ní owó ọtí báyìí."

"Ká ní pupa ni mo fà," ni Thad dáhùn, "mi ò ní í mọ̀ yín rí láyé."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín. Nígbà tó délé, ó bá Verna níbi tó ti ń gé oògùn ọkàn rẹ̀ sí méjì, kí ti oṣù kan lè tó oṣù méjì.

Ní ìparí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ní ọ̀sán gangan, ẹnì kan kan ilẹ̀kùn. Thad lọ sí ẹnu ọ̀nà. Ó rí ọkùnrin gíga kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀, fìlà wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Èmi ni," ni ọkùnrin náà wí. "Royce."

"Royce wo?"

"Ṣé Royce pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lágbègbè yìí ni?"

"Ọ̀kan ṣoṣo ti pọ̀ jù."

Ohùn Verna dún láti inú. "Thad, jẹ́ kí èèyàn wọlé. Oòrùn ń pa á níta."

Wọ́n jókòó nílé ìdáná. Royce sọ pé Nadine kú ní ìgbà òjò, pé òun gbé eérú rẹ̀ wá láti sin ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ Mert ẹ̀gbọ́n rẹ̀, pé àná ni àwọn sin ín.

"Háà, Nadine!" ni Verna wí. Ó di ọwọ́ Royce mú. "Pẹ̀lẹ́ o. Kò jẹ̀rora púpọ̀ ṣá?"

"Ó pẹ́ nílé ìwòsàn, àmọ́ wọ́n tọ́jú rẹ̀. Kò sí ohun tí wọn ò ṣe." Royce wo ojú fèrèsé. "Ilé ló ń béèrè títí tó fi lọ. Á ní àárò òórùn adágún ń sọ òun, á ní ẹja tibí ń wu òun jẹ. Gbogbo ọdún tá a lò níbẹ̀, kò sọ pé ilé òun ni rí."

Thad gbọ́ èyí. Ibi tí Verna ń wò láràárọ̀ láti ọjọ́ tó ti pẹ́, ẹnì kan wà níbẹ̀ tó ń sunkún Toledo. Kò mọ̀ bóyá kí òun bínú tàbí kí òun káàánú. Ó mu kọfí rẹ̀.

Àkókò oògùn Verna tó. Ó gbé pákó kékeré sórí tábìlì, ó mú ọ̀bẹ.

"Kí lò ń gé yẹn?" ni Royce béèrè.

"Oògùn ọkàn mi."

Royce tẹ̀ síwájú, ó wò ó dáadáa. Ó ki ọwọ́ bọ àpò ẹ̀wù rẹ̀, ó yọ ìgò kékeré kan, ó da kóró kan sí àtẹ́lẹwọ́. Àwọ̀ kan náà ni, nọ́ńbà kan náà ló wà lára rẹ̀.

"Èmi náà ń lo èyí. Odindi ni dókítà ní kí n máa lò."

"Odindi ni dókítà ní kí èmi náà máa lò."

"Kí ló wá dé tó o fi ń gé e?"

Verna rẹ́rìn-ín, bí ẹni tí ọmọdé bi ní ìbéèrè. "Èló lo ń ra tìrẹ?"

Royce yí ìgò náà wò, bóyá iye owó wà lára rẹ̀.

"Mi ò mọ̀," ló wí. "Wọ́n kàn máa ń nà án sí mi ni. Ẹgbẹ́ ló ń san án."

"Ẹgbẹ́ wo?" ni Thad béèrè.

"Ẹgbẹ́ wa náà ni."

"Ẹgbẹ́ wa." Thad mi orí. "O ṣeun. Ó ti ń ṣe mí bí ẹni pé ẹgbẹ́ mìíràn ni."

Royce ti ìgò náà sọ́dọ̀ Verna. "Gbà á. Wọ́n á fún mi ní òmíràn bí mo bá délé."

Kí ọwọ́ Verna tó dé ibẹ̀, Thad ti tì í padà.

"A kì í ṣe alágbe. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ lọ́wọ́ rẹ, Royce, o sì mọ ohun tó jẹ́."

"Thad, mo bẹ̀ ọ́," ni Verna wí, "má tún gbé ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀tì dé. Àná ni ọkùnrin yìí sin ìyàwó rẹ̀." Ó yíjú sí Royce, ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Má dá a lóhùn o. Ó ti di àìsàn sí i lára. Ká ní o mọ iye ìgbà tí mo ti gbọ́ ọ! Mo máa ń ṣe bí ẹni pé mo gbà á ni, kí oorun lè kùn ún."

Thad kò mọ èyí tẹ́lẹ̀. Gbogbo ìgbà tí Verna bá ti sọ pé "mo gbọ́, Thad, mo gbọ́," ó rò pé ó ti ń gbà á gbọ́ díẹ̀díẹ̀. Ó dìde. Ó di ẹ̀yìn àga mú.

"Ó dáa," ló wí. "Royce, sọ pé irọ́ ni mò ń pa. Wo ojú Verna, kó o sọ pé nọ́ọ̀tì yẹn kò gbóná. Bó o bá ti lè sọ ọ́, mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ níbi tí mo dúró sí yìí, mi ò sì ní í dárúkọ rẹ̀ mọ́ títí mo fi máa kú."

"Thad!" ni Verna wí.

"Jẹ́ kó sọ ọ́. Kò le. Gbólóhùn kan ni."

Royce wo oògùn tí ọ̀bẹ ti là sí méjì lórí pákó, èérún rẹ̀ tó funfun, àti ìka Verna tó ti rin fún itọ́, tó fi ń ṣa èérún náà lọ́kọ̀ọ̀kan kó má baà ṣòfò. Verna fẹ́ sọ fún Royce pé kó máa bọ̀ jẹ́jẹ́, kó jẹ́ kí òun sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. Àmọ́ ó rí ojú Royce, ọwọ́ òun náà sì dúró lórí pákó.

"Verna," ni Royce wí, "ọkọ rẹ kò pa irọ́. Láti ìdájí ni Mert ti gbé nọ́ọ̀tì pupa yẹn sórí sítóòfù. Ó sọ fún mi ká tó jáde síta pé èyí tó bá gbóná ni kí n mú. Ọwọ́ mi kò tutù. Mo purọ́ ni, kí n lè kọ́kọ́ fà kó tó tutù mọ́ mi lọ́wọ́. Mo mọ èyí tí mò ń mú, Thad, mo sì jẹ́ kí wọ́n fi ọ́ ṣe ẹlẹ́yà. Ẹ̀yin ló yẹ kẹ́ ẹ lọ sí Yakima. Èmi ni mo jí i."