Orúkọ Tí Àpínkẹ́ Fi Ń Pè É

Ọ̀rọ̀ kan ni Àpínkẹ́, ìyàwó mi, bá mi sọ kí ó tó kú. Ó ní, "Bàbá Oyèbọ́lá, ẹ pe Eyínfúnjowó wọlé."

Ó mọ̀ pé mo gbọ́.

Olúgbádé, àbúrò mi kan ṣoṣo, ló ń pè ní Eyínfúnjowó. Àwa méjèèjì ti jà lórí ilé bàbá wa ní Ṣakí. Ó fẹ́ tà á. Mo ní a kì í ta ibi tí a sin bàbá ẹni sí. Ó ní òun kò ní tẹ ilé mi ní Challenge, n'Ìbàdàn, mọ́, àfi bí mo bá fi ẹnu ara mi pe òun. Èmi ni ẹ̀gbọ́n. N kò pè é. Àpínkẹ́ nìkan ló ń wọ bọ́ọ̀sì lọ kí i ní Olúyọ̀lé. Bó bá dé, á ní, "Ọkọ mi kékeré ń kí yín o."

Ọdún 1944 ni mo gbé Àpínkẹ́ níyàwó ní Ṣakí. Ìjọ Onítẹ̀bọmi gbà á ṣe tíṣà ní ilé-ìwé wọn. Nígbà tó wọ kíláàsì, ọmọ ilé wa ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ìyàwó kì í pe ẹni tó bá nílé ọkọ lórúkọ, ìbáà ṣe ọmọ ọwọ́. Tíṣà sì gbọ́dọ̀ pe orúkọ láràárọ̀. Àpínkẹ́ kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ó fún olúkúlùkù wọn ní orúkọ tirẹ̀: Awẹ́lẹ́wà, Akọ̀wé, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. Olúgbádé, tó wà lára wọn, kì í yé rẹ́rìn-ín nígbà náà. Ó di Eyínfúnjowó.

Aṣàbẹ̀wò ilé-ìwé kan ti Ìbàdàn dé lọ́jọ́ kan. Ó ní kí tíṣà pe orúkọ kí òun gbọ́.

"Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́!"

"Èmi nìyí, mà!"

Ọkùnrin náà wo ìwé orúkọ. Ó tún un wò. "Tíṣà, ta ni Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́?"

"Ọkọ mi ni, sà."

Ọmọ ọdún méje ni Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́.

Aṣàbẹ̀wò bínú. Ó ní kí Àpínkẹ́ ka ohun tó wà nínú ìwé, tàbí kí ó wá iṣẹ́ mìíràn. Àpínkẹ́ gbé ìwé náà fún Olúgbádé. "Ẹ bá mi pè wọ́n, Eyínfúnjowó." Ọmọ náà dìde, ó kà á tán, kò ṣì í. Aṣàbẹ̀wò fọwọ́ sí ìwé náà, ó lọ. Láti ọjọ́ náà, ọmọ ló ń pe orúkọ ní kíláàsì Àpínkẹ́, nílé-ìwé yòówù kí wọ́n gbé e lọ. Gbogbo wọn ló ń fẹ́ kí ó kan àwọn. Wọ́n sì ń tètè mọ̀ ọ́n kà.

Ìgbà tó fẹ̀yìn tì níhìn-ín ní Ìbàdàn, Fadékẹ́mi, ọmọ-ọmọ wa, ló kù tó ń kọ́. Nọ́ọ̀sì ni Oyèbọ́lá, ìyá ọmọ náà, ní Kàdúná. Ọwọ́ wa lọmọ wà. Àpínkẹ́ ló ń mú un lọ sílé-ìwé ní Ring Road. Bí òjò bá rọ̀, á pọ̀n ọ́n kọjá àgbàrá, bẹ́ẹ̀ orúnkún ń dùn ún. Nínú bọ́ọ̀sì, á máa nàka sí pátákó iwájú ṣọ́ọ̀bù. "Ka ìyẹn." Ọmọ á kà á. "Ka tọ̀hún náà."

Dírẹ́bà kan ní, "Màmá, ẹ jẹ́ kọ́mọ yìí sinmi."

Àpínkẹ́ ní, "Ìwọ náà, ka èyí tí wọ́n kọ síwájú ẹ yẹn."

Dírẹ́bà kà á sókè: "Ẹ má bá dírẹ́bà sọ̀rọ̀." Ó bojú wẹ̀yìn. "Màmá, ṣé ẹ ti gbọ́?"

Gbogbo ọkọ̀ rẹ́rìn-ín. Àpínkẹ́ ní, "O káre. O mọ̀wé." Bó ṣe délé ló ròyìn rẹ̀ fún mi, omi ẹ̀rín lójú.

Oṣù kejì ọdún 1987 ni a sin ín. Olúgbádé wá sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀yìn ló jókòó sí. Ó sunkún jù mí lọ. Kò wọ ilé.

Ọjọ́ Ìsinmi tí a ṣe ìdúpẹ́, àwọn tí Àpínkẹ́ kọ́ kún inú ilé dé ọ̀dẹ̀dẹ̀. Fadékẹ́mi wá bá mi níbi tí mo jókòó sí.

"Bàbá, Bàbá kékeré wà níta. Wọ́n dúró ti mọ́tò wọn lódìkejì títì."

Mo dìde. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ó rí mi. Kò mira.

Bí mo bá pe Olúgbádé, ohùn ẹ̀gbọ́n ni yóò gbọ́, ohùn tí mo fi bá a jà. Bí n kò bá pè é, yóò wọ mọ́tò rẹ̀. Kò sì sí ẹni tí yóò tún wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Olúyọ̀lé mọ́.

Mo gbé ohùn sókè.

"Eyínfúnjowó!"

Ìyàwó ilé ló ń pe ènìyàn bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n kì í fi pe àbúrò. Sàlàkọ́, tó wà ní kíláàsì ti Ṣakí nígbà náà, pa àtẹ́wọ́.

"Yéè! Bàbá Oyèbọ́lá ti di ìyàwó wa!"

Ẹ̀rín bẹ́ sílẹ̀. N kò bá wọn rín in. Mo tún un pè.

Olúgbádé gbójú sókè. Obì ti sọ eyín náà di pupa, ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ ló yọ síta.

"Èmi nìyí, mà," ló wí.

Ó sọdá títì. Ó dọ̀bálẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà nínú aṣọ funfun. Mo ní kí ó dìde. Nígbà tó jókòó, ó wo àwòrán Àpínkẹ́ lára ògiri.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ilé Ṣakí ńkọ́?"

"Jẹun ná," mo ní. "Bí ìyàwó bá pe ọkọ, oúnjẹ ló ń pè é sí."

Ó bu omi wẹ ọwọ́. Abọ́ kan náà la ti jẹ.