Ẹni Tí Síníma Pa

Bí ẹ bá dé Ìgbẹmọ, ẹ má dárúkọ mi fún wọn. Títí di òní ni inú ń bí mi sí gbogbo ìlú náà, ó sì ń bí mi sí ara mi jù wọ́n lọ.

Ní 1952, òyìnbó Faransé kan wá ya fíìmù fún ìjọba ní Adó, ìlú wa. Nígbà èwe rẹ̀ nílùú wọn, òṣèré ni nínú síníma àtijọ́ tí kò ní ohùn. Nígbà tí orúnkún rẹ̀ kò gba ìṣubú mọ́, ó di ẹni tí ń darí àwọn òṣèré. Ó ń wá ẹni tí yóò ṣe àgbẹ̀ tí àdá ṣá lẹ́sẹ̀, tí kò lọ sí ilé ìwòsàn, tí ó sì kú. Gbogbo ènìyàn kọ̀. Ta ni yóò fi ikú ṣeré? Ilésanmí ẹ̀gbọ́n mi ni ó gbà. Télọ̀ ni, ojú rẹ̀ sì máa ń sọ̀rọ̀ kí ẹnu rẹ̀ tó là.

Ó mọ̀ ọ́n kú! Èmi tí mo gún iyán tí ó jẹ láàárọ̀ ọjọ́ náà, nígbà tí wọ́n tẹ́ ẹ sórí ẹní tí wọ́n da aṣọ bò ó, mo bú sẹ́kún. Òyìnbó náà fi Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀, tí ó dà bíi ti ẹni tí ó gbé omi sẹ́nu, rẹ̀ mí lẹ́kún. Ó ní òun náà ti kú tó ọgọ́rùn-ún ìgbà nílé wọn, ìyàwó òun a sì máa gbé oúnjẹ dè òun.

Jùmọ̀kẹ́, ọmọ Ìgbẹmọ, ni ẹ̀gbọ́n mi ń fẹ́, a sì ti mú ọjọ́ ìdána. Ó ku ọ̀sẹ̀ kan, mọ́tò síníma dé Ìgbẹmọ. Wọ́n ta aṣọ funfun síwájú ààfin, gbogbo ìlú sì rí àna wọn tí ó ń kú. Ẹnu rẹ̀ ń mì, ẹnikẹ́ni kò gbọ́ ohùn rẹ̀. Wọ́n rí i tí wọ́n sin ín.

Nígbà tí a gbé ẹrù ìdána débẹ̀, ìyá Jùmọ̀kẹ́ dínà mọ́ wa lẹ́nu ọ̀nà.

"Àkúdàáyà kì í wọ ulé mi," ó ní. "Kí ó wá ulú mìíràn tí wọn kò ti mọ̀ pé ó ti kú."

Bàbá wa ní ọmọ òun kò kú rí.

"Ìròyìn kò tó àfojúbà. Mo fojú mi rí i."

A ru ẹrù wa padà sí Adó.

Jùmọ̀kẹ́ nìkan ni kò gbà wọ́n gbọ́. Ó máa ń yọ́ wá sí Adó lọ́jọ́ ọjà, yóò jókòó ti ẹ̀gbọ́n mi, yóò sì máa fi ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní òun yóò dúró dè é títí ojú ìlú yóò fi là.

Ni Ilésanmí bá pa ẹ̀rọ ìránṣọ tì, ó tẹ̀lé òyìnbó náà. Ọdún méjì ni ó fi gbé kámẹ́rà, tí ó kọ́ bí a ṣe ń gé fíìmù àti bí a ṣe ń lẹ̀ ẹ́. Nígbà tí òyìnbó ń lọ sílé, ó bẹ ìjọba kí wọ́n jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n mi darí fíìmù kan fúnra rẹ̀, lórí ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn kan náà. Ilésanmí fẹ́ mú àgbẹ̀ mìíràn, ìtàn mìíràn, tí ẹnikẹ́ni kò ní kú níbẹ̀. Èmi Mojísọ́lá ni mo ní rárá.

"Bùọ̀dá mi, orí ẹní yẹn gan-an ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rí i pé ẹ dìde."

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní mo gbọ́n. Mo gbà pé mo gbọ́n lóòótọ́.

Ní 1954, a gbé fíìmù náà lọ sí Ìgbẹmọ. Jùmọ̀kẹ́ jókòó níwájú pátápátá, ó fi gèlè tuntun wé orí. Ilésanmí dúró ti mọ́tò, ojú àwọn ènìyàn ni ó ń wò, kò wo fíìmù. Lórí aṣọ funfun, nọ́ọ̀sì ṣí aṣọ lójú òkú, ó gún un lábẹ́rẹ́. Òkú la ojú. Ó dìde, ó gbé ọkọ́ lé èjìká, ó ń lọ sóko.

Igbe ta.

"Ó ti jí o! Ṣé ẹ rí i? Ṣebí a sọ ọ́!"

Bẹ́ǹṣì wó, ọmọdé ń ké, àgbàlagbà ń sá. Láti ìgbà tí wọ́n ti ń gbọ́ nípa àkúdàáyà, wọn kò rí bí ó ṣe ń dìde rí. Ẹ̀gbọ́n mi ni ó fi hàn wọ́n, èmi ni mo sì gbà á nímọ̀ràn.

Jùmọ̀kẹ́ nìkan ni kò sá, inú mi sì dùn díẹ̀. Ilésanmí rìn lọ bá a. Bí ó ti ń sún mọ́ ọn ni ọmọbìnrin náà kúnlẹ̀, tí ó dojú bolẹ̀. Ó ṣì fẹ́ràn rẹ̀. Mo gbọ́ ọ nínú ohùn rẹ̀, ìyẹn ni kò jẹ́ kí n lè bínú sí i.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi," ó ní. "N kò mọ̀ pé òótọ́ ni ẹ ti kú. Mo bẹ̀ yín, ẹ padà síbi tí ẹ ti wá."

"Jùmọ̀kẹ́," ẹ̀gbọ́n mi ní, "Adó ni mo ti wá."

Ó tún un sọ. Ìyá ọmọ náà ti fà á wọlé nígbà náà, wọ́n sì ti ìlẹ̀kùn.