Ènì Tí Ọ̀gá Edilberto Fún Mi

Èmi ni mo ra ike náà. Ó dára kí n ti sọ ọ́ báyìí, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ìtàn obìnrin ọlọ́gbọ́n kan ni mo fẹ́ sọ.

Obìnrin méje la wà ní ìlú Lampa tá a jọ ń hun súwẹ́tà irun alipáká, ẹran ọ̀sìn orí òkè tá a máa ń rẹ́ irun rẹ̀ bíi ti àgùntàn. Tá a bá fẹ́ ra òwú, èmi Melchora ni wọ́n máa ń rán lọ sí ìlú Juliaca, torí wọ́n gbà pé ìka mi mọ irun. Lọ́dún yẹn, àwọn oníbàárà kan láti òkè òkun ní ká hun mẹ́rìnlélógún fáwọn, ká sì rán orúkọ ẹni tó hun ún sí ọrùn súwẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Orúkọ wa! Màmá Hilaria, àgbà wa, ti ń hun aṣọ láti ọmọ ọdún mẹ́fà, kò sì tíì rí orúkọ ara rẹ̀ lára ohunkóhun àfi káàdì ìdánimọ̀.

Mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá Edilberto. Òwú tó pàtẹ sórí tábìlì rọ̀ bí etí ọmọ ẹran. Mo tẹ̀ ẹ́, mo fà á, mo gbóòórùn rẹ̀.

Ó ní, "Oníbàárà mi àtàtà, ojúlówó nìyẹn o. Ìṣúra orí òkè wa, ọlá àwọn baba ńlá wa!"

Ibi "ọlá àwọn baba ńlá" yẹn ló yẹ kí n ti sá. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń kó ẹrù mi jáde látẹ̀yìn, mo ní, "Ènì mi ńkọ́?" Ó rẹ́rìn-ín, ó mú ìdì òwú méjì lórí tábìlì, ó jù wọ́n sínú àpò mi. Odindi méjì! Inú mi dùn débi pé mi ò tú ẹrù wò. Bí gbogbo wa ṣe ń ṣe níbí nìyẹn. Ẹni tó bá ti fún wa ní ènì, ojú á máa tì wá láti yẹ ọjà rẹ̀ wò.

Lọ́jọ́ kejì, Màmá Hilaria jókòó ti ààrò, ó ń hun tiẹ̀. Iná ta sí i lówùú. Òwú náà súnkì, ó sì di kókó dúdú. Ó gbé e wá síwájú mi.

"Melchora, ẹran wo ni wọ́n rẹ́ irun ẹ̀ fún ọ? Ẹran ike?"

A tú gbogbo ẹrù. Irun ẹran, tó bá jóná, á rùn bí irun orí, eérú rẹ̀ á sì fọ́ lọ́wọ́. Ike ní tiẹ̀ á yọ́, á wá le bí ìlẹ̀kẹ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ là ń rí ṣáá. Ìdì méjì péré ló di eérú, àwọn náà sì ni ènì mi.

Ẹnì kan ní, "Ká kúkú hun ún bẹ́ẹ̀. Àwọn ará òkè òkun ò lè mọ̀."

Màmá Hilaria ní, "Orúkọ mi ló máa wà lọ́rùn ẹ̀. Èmi á mọ̀."

Kò sẹ́ni tó bú mi. Ìyẹn gan-an ló dùn mí jù.

Mo kó gbogbo ẹrù náà, pẹ̀lú ènì méjèèjì, mo wọkọ̀ padà sí Juliaca. Èrò wà ní ṣọ́ọ̀bù.

"Oníbàárà mi! Ṣé ẹ ti hun tán ni?"

"Ike lẹ tà fún mi, ọ̀gá."

"Ẹ rọra, ìyá mi. Ọ̀rọ̀ òwú jinlẹ̀ o. Ó lójú àwọn onímọ̀ tó lè…"

Mo ṣá ìṣáná. Mo fa òwú kan látinú ẹrù, mo fa òmíràn látinú ènì. Bébà kan náà ló wà lára àwọn méjèèjì: alipáká pọ́ńbélé, kò lábùlà. Ọ̀kan di eérú, ọ̀kan di ìlẹ̀kẹ̀.

Mo ní, "Èyí tẹ́ ẹ tà rèé. Èyí tẹ́ ẹ fi ta mí lọ́rẹ rèé. Ẹ̀bùn yín ló ń jẹ́rìí takò yín."

Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn mi. Ọ̀gá Edilberto rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ má pariwo, ẹ jọ̀ọ́. Màá fi ìdì mẹ́wàá ṣe ènì fún yín."

"Mo ti jẹ ènì yín yó. Ọjà mi ni mo wá gbà. Ẹ sì gbé Ìwé Ẹ̀sùn wá."

Òfin ni pé gbogbo ṣọ́ọ̀bù orílẹ̀-èdè wa gbọ́dọ̀ ní ìwé yìí tí oníbàárà lè kọ ẹ̀sùn sí, kí wọ́n sì kọ ọ́ sára ògiri pé ó wà. Tiẹ̀ wà lára ògiri lóòótọ́, ó fi kàlẹ́ńdà bò ó.

Ó kọ́kọ́ ní ìwé ti kún. Lẹ́yìn náà ó ní ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ẹ̀ ti jáde. Ó wá ní, "Àwọn lọ́yà ló ń kọ ìwé yẹn, màmá. Ṣé ẹ tiẹ̀ mọ̀wé ni?"

"Mo mọ̀ ọ́n tó ẹni tó ń ka bébà ara òwú yín. Irọ́ ibẹ̀ ni mi ò tètè kà."

Mo jókòó sórí ẹrù mi lẹ́nu ọ̀nà, mo yọ abẹ́rẹ́ ìhunṣọ, mo bẹ̀rẹ̀ sí í hun ènì náà. Gbogbo ẹni tó ń wọlé ló ń bi mí pé kí ló dé. Mo ń sọ fún wọn. Kó tó di pé mo hun ìka mẹ́rin, kọ́kọ́rọ́ ti dé. Inú àpò ṣòkòtò rẹ̀ ló ti yọ ọ́.

Ìwé náà kún fún eruku. Nọ́ńbà oókan ló wà lójú ewé àkọ́kọ́, ẹnikẹ́ni ò sì tíì kọ nǹkan kan sí i. Ọdún mẹ́sàn-án ni ṣọ́ọ̀bù yẹn ti wà.

Mo ní, "Ìwé tó ti kún nìyí?"

Mi ò lọ sílé ìwé. Ara àpò ìyẹ̀fun àti tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ni mo ti kọ́ ìwé kíkà, nígbà tí mo ti lé lọ́gbọ̀n ọdún. Mo kọ ọ́ gàdàgbà: "Mo ra irun alipáká. Wọ́n fún mi ní ike. Mo fẹ́ ohun tí mo ra." Ewé mẹ́ta ló wà lórí ara wọn, ọ̀kan tiẹ̀, ọ̀kan ti ìjọba, ọ̀kan tèmi. Mo tẹ kálàmù mọ́lẹ̀ kí ti ìsàlẹ̀ lè hàn.

Nélida, ọmọbìnrin kan tó lóyún tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra òwú níbẹ̀, na ọwọ́ sí mi. "Àǹtí, ẹ yá mi ní ìṣáná yẹn." Òwú tiẹ̀ náà yọ́. "Orí ọmọ tuntun ni mo fẹ́ fi èyí bò?" Òun ló kọ nọ́ńbà kejì.

Ìgbà yẹn ni ojúlówó jáde látẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù. Mo sun òwú kan nínú ìdì kọ̀ọ̀kan. Ibẹ̀ ń rùn, ọ̀gá Edilberto ń wúkọ́, mi ò kánjú.

Nígbà tí mo ṣe tán, ó ní, "Ó ti parí nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká fagi lé ti inú ìwé."

"Ṣé irọ́ ni mo kọ síbẹ̀ ni?"

Ó yíjú sí kàlẹ́ńdà ara ògiri, ó ń tún un kọ́.

"Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀, kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn mi rí i kà."

Mo tú èyí tí mo ti hun, mo ká a, mo gbé ènì méjèèjì padà sórí tábìlì rẹ̀. Ó dùn mí díẹ̀, torí òwú tó dáa ni.

Ní Lampa, Màmá Hilaria fi ìṣáná tiẹ̀ dán ọjà náà wò kó tó kí mi káàbọ̀. Ó wá gba ewé mi, ó yẹ̀ ẹ́ wò.

"Ta ló kọ́ ọ ní irú ìwé báyìí?"

"Àpò ìyẹ̀fun ni."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ní láti jókòó. Ewé náà ṣì wà lára ògiri wa, páálí ìṣáná wà lábẹ́ rẹ̀. Nígbà tí súwẹ́tà àkọ́kọ́ parí, Màmá Hilaria fúnra rẹ̀ ló rán orúkọ rẹ̀ sí i lọ́rùn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló tú u, tó tún un rán, ó ní lẹ́tà àkọ́kọ́ kò dúró ṣánṣán.