Ife Dísẹ́ẹ̀lì Kan

Gbogbo ẹni tó ń ṣiṣẹ́ kànga gáàsì ní aginjù Cooper ló mọ òfin Clarrie Pascoe: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ da ohunkóhun pọ̀ mọ́ gírísì tí wọ́n fi ń pa tíréèdì, ìlà tí wọ́n gé sẹ́nu páìpù láti fi lọ́ ọ mọ́ra. Ọgbọ̀n ọdún ló fi ń wí i. "Ibi tí omi ò lè gbà," á ní, "ibẹ̀ ni gáàsì ń gbà jáde."

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú oṣù Keje, tó jẹ́ ìgbà òtútù níbẹ̀, òtútù mú débi pé gírísì le bí ọṣẹ. Clarrie fi igi rò ó títí, kò gbọ́. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó da dísẹ́ẹ̀lì ife tíì kan sí i. Ló bá ń ṣàn. Ó gbé agolo náà fún Bevan Tuckwell, bàbá ọlọ́mọ mẹ́ta tó ń fi búrọ́ọ̀ṣì pa tíréèdì, kò sì wí nǹkan kan.

Kí ó tó di ọ̀sán, páìpù mọ́kànlá ti wọnú kànga. Kerryn Maddock, ọ̀gá àyẹ̀wò, a máa dán ẹyọ kan wò nínú méjìlá. Wọ́n lọ́ ìkejìlá mọ́ ọn, wọ́n ti gáàsì sí i, Kerryn da omi ọṣẹ sójú ìsopọ̀ náà. Ọṣẹ hó yàà bí itọ́ ẹnu ẹṣin.

"Ta ló pa èyí?"

"Èmi ni, mà," Bevan dáhùn.

"Eṣinṣin ló pọ̀ jù lónìí," Clarrie sáré sọ. "Wọ́n lè ti bà lé gírísì."

Neville tó di sípánà mú rẹ́rìn-ín. "Eṣinṣin wo ló ń lu páìpù irin, Bàbá?"

"Tàbí kó jẹ́ ẹni tó rọ páìpù."

"Ẹ kúkú dárúkọ oòrùn náà mọ́ ọn!"

Kerryn ò rẹ́rìn-ín. "Bevan, o ò pa á kárí. Di ẹrù ẹ, wàá bá ọkọ̀ òfúrufú Ọjọ́bọ̀ lọ sílé. Ẹ tú ẹyọ kan yìí, ẹ tún un pa, ká máa báṣẹ́ lọ."

Ẹyọ kan. Clarrie wo ẹnu kànga. Inú agolo kan náà ni gírísì páìpù mọ́kànlá tó wà nísàlẹ̀ ti wá. Bí ó bá dákẹ́, orúkọ rẹ̀ mọ́, Bevan lọ, gáàsì á sì máa jò lábẹ́ ilẹ̀ níbi tí ojú ò tó. Bevan ò jiyàn. Ó ń fi ṣòkòtò nu ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Méjìlá ni," Clarrie wí.

"Kí ni méjìlá?"

"Gbogbo ẹ̀ la máa tú. Èmi ni mo da dísẹ́ẹ̀lì sí gírísì."

Sípánà bọ́ lọ́wọ́ Neville, gbàà! "Ẹ̀yin! Ẹ̀yin tí ẹ gba odidi páálí bíà lọ́wọ́ mi torí pé mo fi ìka kan agolo!"

"Mo gbọ́."

"Páálí méjìlá o, Bàbá! Kó tutù!"

"Mo ní mo gbọ́."

Kerryn yíjú sí Bevan. "Má wulẹ̀ di ẹrù mọ́. Ìwọ lo máa yẹ tíréèdì wò. Ẹ̀yin, Bàbá, ẹ mú búrọ́ọ̀ṣì."

Ọjọ́ méjì gbáko ni wọ́n fi fa páìpù sókè. Clarrie jókòó lórí àpótí, ó ń fọ tíréèdì, Bevan dúró tì í.

"Bàbá, èyí ò tíì mọ́."

"Ó mọ́."

"Ẹ wo ìlà kẹta."

Clarrie wọ dígí ojú rẹ̀, ó wò ó. Ó tún un fọ̀.