Ẹ̀gẹ́ Etí Oko

Ohun kan ṣoṣo ni Asiat ń fẹ́: kí ó lè parí ilé ẹ̀kọ́ girama. Bàbá rẹ̀, Ṣítù, àgbẹ̀ tí oko rẹ̀ wà ní ọ̀nà Ọbbọ Ayégúnlẹ̀, ti sọ fún un pé bí sáà yìí bá parí, yóò lọ kọ́ iṣẹ́ aṣọ rírán lọ́dọ̀ àbúrò òun ní Ìlọrin. Kì í ṣe pé ọkùnrin náà kórìíra ìwé. Ẹ̀rù àwọn tí ń jí ènìyàn gbé ni ó ń bà á, ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ sì gba ẹ̀bá igbó kọjá. Síbẹ̀, ó fi àyè díẹ̀ sílẹ̀.

"Bí ilé ẹ̀kọ́ yẹn bá kọ́ ọ ní nǹkan kan tí ẹnu lè jẹ," ni ó wí, "èmi náà á tún un rò."

Nítorí náà, nígbà tí Àǹtí Ọmọ́bọ́lá, olùkọ́ ìmọ̀ ọ̀gbìn, ní kí kíláàsì wọn fúnra wọn ronú iṣẹ́ kan tí wọn yóò ṣe fún ìlú, tí ó sì ṣèlérí pé òun kò ní dá sí i, Asiat ni ó kọ́kọ́ nawọ́. Ó ní kí àwọn fi ẹ̀gẹ́ ṣe bísíkíìtì fún àwọn ọmọ tí kì í jẹun àárọ̀ kí wọ́n tó wá sí kíláàsì. Prosper, ọmọ káfíńtà, fi páànù àlòkù àti náílọ́ọ̀nù ṣe àpótí kan tí oòrùn ń mú gbóná bí ààrò. Adépéjú, tí òun àti Asiat jọ ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà, tí ìyá rẹ̀ sì ń ṣe búrẹ́dì tà, ni ó di alásè wọn.

Ẹ̀gẹ́ tí ìyá Adépéjú gbìn sí ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n kọ́kọ́ lò. Wọ́n bó o, wọ́n gé e wẹ́wẹ́, wọ́n sá a sínú àpótí, ó sì gbẹ kíákíá láìjẹ́ pé wọ́n rẹ ẹ́ sínú omi rárá. Èyí gan-an ni ohun tuntun tí wọ́n fi ń yangàn. Wọ́n lọ̀ ọ́, wọ́n pò ó, wọ́n yan án. Ó dùn.

"Àwọn tó ń ta bísíkíìtì ní Ọ̀sí ti wọ gbèsè," ni Prosper wí, ó tún na ọwọ́ sínú abọ́.

"Ìwọ lo máa kọ́kọ́ wọ gbèsè," Adépéjú dá a lóhùn. "Ìjánu ló yẹ kí wọ́n máa kó sí ẹ lẹ́nu."

Ọ̀rọ̀ náà dé etí ọ̀gá àgbà ilé ẹ̀kọ́. Ó pe àwọn àlejò láti ọ́fíìsì ẹ̀kọ́, ó sì ní kí àwọn òbí náà wá. Ṣùgbọ́n ẹ̀gẹ́ ẹ̀yìnkùlé ti tán. Asiat lọ bá bàbá rẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, a fẹ́ fa ẹ̀gẹ́ díẹ̀ tu lóko yín. Iṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́ ni."

"Wọ́n ti sọ yín di àgbẹ̀ níbẹ̀ báyìí?" Ṣítù rẹ́rìn-ín. "Ẹ lọ. Ṣùgbọ́n etí oko ni kí ẹ mọ. Ẹnikẹ́ni nínú yín kò gbọ́dọ̀ kọjá ìdí ọ̀pẹ."

Ó fẹ́ kí àwọn ọmọ náà jìnnà sí igbó. Ṣùgbọ́n àwọn àgbẹ̀ agbègbè yìí, ó kéré tán àwọn tí mo mọ̀, a máa gbin ẹ̀gẹ́ kíkorò sí etí oko, wọn a sì fi èyí tí ó dùn, irú ti ẹ̀yìnkùlé ìyá Adépéjú, sí àárín, kí ó lè jẹ́ pé kíkorò ni ewúrẹ́ àti olè yóò kọ́kọ́ bá pàdé. Kíkorò náà kò burú fún gàrí tàbí láfún, nítorí rírẹ àti fífún ni ó ń lé oró inú rẹ̀ jáde. Ṣítù kò bi ọmọ rẹ̀ ní ohun tí wọn yóò fi ṣe. Nínú ilé rẹ̀, kò sí ẹ̀gẹ́ etí oko tí kì í gba rírẹ tàbí fífún kọjá kí ó tó dé ẹnu. Asiat, ní tirẹ̀, kò mọ̀ pé etí oko yàtọ̀ sí àárín. Láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ ajínigbé ti gbòde, àwọn òbí kò jẹ́ kí ọmọdé bá àwọn lọ sí oko mọ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí àlejò ń bọ̀, Adépéjú yan àwo àkọ́kọ́, ó sì tọ́ ọ wò.

"Asiat, ó korò díẹ̀."

"Ó korò bí kí ni?"

"Bí ewúro tí wọ́n fọ̀ dáadáa. Kò pọ̀. Ṣé ká sọ fún Àǹtí?"

Asiat wo ìta. Wọ́n ti to àga sí abẹ́ igi máńgòrò. Bàbá rẹ̀ ti wà níbẹ̀, ó wọ aṣọ Jímọ̀, ó jókòó láàárín àwọn òbí bí ẹni tí ó fẹ́ kí a rí òun.

"Bóyá àpótí ló ń jó o," ni ó wí. "Fi ṣúgà kún un."

"Ìwọ àti ṣúgà. Eyín gbogbo ará ọ́fíìsì ló máa jẹrà." Adépéjú sì fi kún un.

Adépéjú kò tíì jẹun láàárọ̀ náà. Ó ń ṣa àwọn tí ó pé sínú àwo àlejò, ó sì ń jẹ àwọn tí ó kán fúnra rẹ̀, ọ̀kan tẹ̀ lé òmíràn, kí nǹkan má baà ṣòfò.

Àwọn àlejò jẹ ẹyọ kọ̀ọ̀kan, wọ́n pàtẹ́wọ́. Wọ́n gbé àwo dé ọ̀dọ̀ Ṣítù. Ó bù ú jẹ, ó jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ẹnu rẹ̀ sì dúró. Ó tu ú sí àtẹ́lẹwọ́.

"Asiat, ṣé ẹ rẹ ẹ̀gẹ́ yìí?"

"Rárá, Bàbá. Àpótí wa ni kò jẹ́ kó—"

Ó ti dìde, ó ti gbá àwo náà dànù. "Ẹ má jẹ ẹ́ mọ́," ni ó ń wí, kò pariwo. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ ẹ́ mọ́."

Àwọn tí ó jẹ díẹ̀ bì, ara wọn sì balẹ̀. Ẹ̀yìn ilé ìdáná ni Prosper ti rí Adépéjú, ó fẹ̀yìn ti ògiri, ó ní orí ń fọ́ òun, ilẹ̀ ń yí. Wọ́n gbé e sáàárín ènìyàn méjì lórí ọ̀kadà, wọ́n dorí kọ ilé ìwòsàn ní Ọ̀sí. Ó kú sí ọ̀nà.

Nígbà tí wọ́n sin ín tán, Ṣítù mú Asiat lọ sí ilé ìyá Adépéjú. Obìnrin náà kò jẹ́ kí wọ́n kúnlẹ̀.

"Ahọ́n ọmọ mi kì í ṣi nǹkan tọ́ wò," ni ó wí. "Ṣé kò sọ fún ẹ pé ó korò ni?"

"Ó sọ fún mi, mà."

Ìyá Adépéjú mi orí. Ó dìde, ó wọ yàrá lọ, kò sì jáde mọ́ títí wọ́n fi lọ.

Láti ibẹ̀, Ṣítù kò gba ọ̀nà ilé. Oko ni ó mú un lọ. Ó fi ọwọ́ Asiat lé ẹ̀gẹ́ etí oko, ó ní ó korò; ó mú un dé ìdí ọ̀pẹ, ó fi ọwọ́ náà lé ti inú, ó ní èyí dùn.

"Ẹ ò sọ fún mi," ni Asiat wí.

"O ò bi mí."

"N kò mọ̀ pé nǹkan kan wà tí mo lè bi yín."

Bàbá rẹ̀ gé igi ẹ̀gẹ́ kan láti etí oko, ó gé ọ̀kan láti inú, ó kó wọn lé e lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n dé títì, ó yíjú sí i.

"Padà sí ilé ẹ̀kọ́ lọ́jọ́ Ajé. Bí o bá sá lọ sí Ìlọrin báyìí, wọn á ní o mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni."

Báyìí ni ó ṣe rí ohun tí ó ń fẹ́ gbà.

Ní ọjọ́ Ajé, ó kó igi ẹ̀gẹ́ méjèèjì dání, ti etí oko ní ọwọ́ òsì, ti inú ní ọwọ́ ọ̀tún, kí ó lè fi ìyàtọ̀ wọn han kíláàsì. Ọ̀gá àgbà pàdé rẹ̀ ní géètì. Wọ́n ti fọ́ àpótí Prosper nígbà náà, wọ́n sì ti ní kí Àǹtí Ọmọ́bọ́lá lọ jókòó sílé.

"Kí lo kó lọ́wọ́?"

"Igi ẹ̀gẹ́ ni, sà. Ọ̀kan dùn, ọ̀kan—"

"Ọ̀rọ̀ ẹ̀gẹ́ ti parí nílé ẹ̀kọ́ yìí." Ó gbà wọ́n lọ́wọ́ rẹ̀, ó dà wọ́n pọ̀, ó sọ wọ́n sí ìdí ọgbà. "Wọ kíláàsì rẹ lọ."

Ó wọlé, ó jókòó. Kò sí ẹni tí ó wá bá a jókòó lórí bẹ́ǹṣì náà.

Òjò rọ̀. Igi ẹ̀gẹ́ kì í béèrè bóyá wọ́n gbìn ín ni tàbí wọ́n sọ ọ́ nù. Kí sáà náà tó parí, àwọn méjèèjì ti yọ ewé ní ìdí ọgbà, wọ́n fara kan ara wọn, níbi tí àwọn ọmọ kíláàsì kékeré ti máa ń ṣeré. Láti ojú fèrèsé, Asiat máa ń wò wọ́n. Òun nìkan ni ó mọ̀ pé ọ̀kan nínú wọn korò. Kò sì lè sọ èwo ni.