Táípíìsì Kì í Wojú Ẹ̀rọ

Èmi kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń rí fín. Ẹ bi ẹnikẹ́ni ní ọ́fíìsì wa n'Íkẹjà, wọ́n á sọ fún yín pé bí Ìbídùn ọmọ Ìkẹ́rẹ́ bá jókòó ti táípúráítà, ẹnu ọ̀gá á rẹ̀ kí ìka mi tó rẹ̀. Ìjọba alágbádá wá dé, wọ́n ní ayé ti di ayé kọ̀ǹpútà. Wọ́n ní gbogbo àwa táípíìsì máa ṣe ìdánwò kan náà lórí rẹ̀. Ẹni tó bá fìdí rẹmi, yàrá fáìlì ló ń lọ, ibẹ̀ ló sì máa wà títí á fi fẹ̀yìn tì. Èmi, yàrá fáìlì? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́.

Olúfọlákẹ́ ló ránṣẹ́ pé kí n wá dánra wò ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ l'Ótigbà, níbi tó ti ń kọ́ èèyàn ní kọ̀ǹpútà. Èmi ni mo kọ́ ọ ní táípù l'Ágége nígbà tó wà lọ́mọge. Gèlè ni mo fi ń bo ọwọ́ rẹ̀, torí táípíìsì kì í wo ọwọ́, kì í wojú ẹ̀rọ. Bébà tó ń dà kọ nìkan ló ń wò. Bó bá yọjú wò báyìí, rúlà mi á bá a níka.

Ó kúnlẹ̀ kí mi. Ó ní, "Mà, wọ́n ti pààrọ̀ ojú kọ̀ǹpútà tí wọ́n máa fi dán yín wò o. Kì í ṣe kọ̀ǹpútà àtijọ́ tẹ́ ẹ rí ní ọ́fíìsì mọ́." Mo ní kó gbé bébà wá jàre, àbí wọ́n pààrọ̀ ABD náà ni? Làwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ bá rọ́ wá wòran.

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo táípù. Ojú mi ò kúrò lára bébà. Mo ń gbọ́ tí wọ́n ń sọ pé màmá yìí mà gbóná o, orí mi sì ń wú. Mo tẹ àmì ìdánudúró tó kẹ́yìn, mo gbójú sókè. Òfìfo! Kò sí lẹ́tà kan ṣoṣo. Àpótí kékeré kan ló jókòó sáàárín ojú kọ̀ǹpútà, ó ti ń bi mí látìbẹ̀rẹ̀ pé ṣé kí òun ṣí ìwé fún mi, mi ò sì dá a lóhùn.

Ẹnìkan bú sẹ́rìn-ín. Olúfọlákẹ́ ò rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀. Ó lé wọn síta, ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga mi, ó ń fi hàn mí bí wọ́n ṣe ń fi máòsì dá àpótí náà lóhùn. Kíkúnlẹ̀ yẹn ló pa mí. Ká ní ó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni, ǹ bá bínú, ìbínú ì bá sì gbà mí. Ojú tì mí débi pé mo ní kí ilẹ̀ lanu kí n wọlé.

Mo ṣáà padà lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Lọ́jọ́ náà, Fọlákẹ́ tú gèlè orí rẹ̀, ó ní kí n má bínú, ó fi bo bébà mọ́lẹ̀. Ó ti há ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sórí, ó wá ń kà á fún mi kí ojú mi lè kọ́ láti máa wo iwájú. Mo mọ ibi tó ti kọ́ gèlè bíbò. 

Bọ̀dá Àlàmú wà ní ọ́fíìsì wa, tábìlì wọn ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi. Àgbà táípíìsì ni wọ́n. Wọ́n bi mí pé àwọn gbọ́ pé wọ́n ti yí kọ̀ǹpútà ìdánwò padà, ṣé òótọ́ ni. Ó yẹ kí n sọ. Ṣùgbọ́n bí mo bá sọ, wọ́n á bi mí bí mo ṣe mọ̀, mo sì máa ní láti ròyìn òfìfo yẹn. Mo ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Lọ́jọ́ ìdánwò, wọ́n kìlọ̀ pé ẹni tó bá lanu, ìta ni. Àpótí náà yọ, mo fi máòsì dá a lóhùn, mo bẹ̀rẹ̀. Ọkàn mi balẹ̀. Mo wá ń gbọ́ ìka Bọ̀dá Àlàmú bí òjò orí páànù. Mo wò wọ́n. Ojú wọn wà lára bébà, ọrùn wọn dúró ṣánṣán, àpótí náà sì jókòó síwájú wọn.

Láyé táípúráítà, bí bébà ẹnìkejì rẹ bá fẹ́ jábọ́, ẹsẹ̀ tábìlì rẹ̀ lo máa fi ẹsẹ̀ ta, torí ariwo ẹ̀rọ kì í jẹ́ ká gbọ́ra. Mo ta á. Wọn ò tiẹ̀ mira. Mo ro bí ojú wọn ṣe máa rí bí wọ́n bá gbé e sókè, ara mi ò gbà á.

Mo ní, "Bọ̀dá Àlàmú, ẹ wojú ẹ̀rọ. Kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ yín."

Wọ́n mú mi jáde.

Yàrá fáìlì ni mo wà báyìí, eruku ń jẹ mí nímú. Bọ̀dá Àlàmú yege. Wọ́n wá síbẹ̀ wá dúpẹ́, wọ́n ṣí fìlà fún mi bí ẹni tó ń kí àgbà, èmi ọmọ àná. Wọ́n dúpẹ́ títí, wọ́n wá ní, "Ìbídùn, báwo lo ṣe mọ̀?"

Mo ní, "Ó ti ṣe èmi náà rí, ní ṣọ́ọ̀bù Fọlákẹ́. Mo ti mọ̀ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bi mí."

Wọ́n wò mí. Wọ́n dé fìlà wọn padà, wọ́n sì jáde.