Awò Kò Kọ́ Ọ ní Ìkúnlẹ̀

Ọkọ mi Wilberth lọ ra awò ńlá kan, irú èyí tí wọ́n ń dè mọ́ ojú kí èèyàn lè máa rí ayé mìíràn nínú yàrá ara rẹ̀. Ó ní eré ìdárayá lòun fẹ́ fi ṣe. Ọmọ wa Yareli ń bọ̀ wá pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, àṣà ìlú wa sì ni pé bàbá ló gbọ́dọ̀ bá a jó ijó àkọ́kọ́ níbi ayẹyẹ rẹ̀. Bàbá ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ti jókòó láàárín ijó tirẹ̀ rí, wọ́n ṣì ń fi ọmọ náà ṣe yẹ̀yẹ́. Wilberth tèmi, bó bá rìn dé ilé búrẹ́dì, mímí rẹ̀ á máa dún bí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ àgbàdo. Ẹ̀rù ń ba Yareli, ó sì sọ bẹ́ẹ̀ lójú bàbá rẹ̀.

Mo ní kó máa gbálẹ̀, kó máa fọ ilé ìdáná, eré ìdárayá náà ni. Ó wò mí bí ẹni tí kò lajú.

"Ìyá Yareli, ta ló ń fi ìgbálẹ̀ kọ́ ijó?"

Bó ṣe gbé awò wọ̀ nìyẹn, tó ń ju ẹ̀ṣẹ́ sáfẹ́fẹ́. Kò rántí pé a kò tíì ká àwọ̀n tí à ń so láti ògiri kan dé èkejì, tí à ń sùn sínú rẹ̀ bí ibùsùn. Ó kó sínú rẹ̀ wọ̀ọ̀, ìyá mi sì ń sùn níbẹ̀ lọ́wọ́. Ìyá mi kò tíì dárí jì í títí dòní.

Ṣùgbọ́n ká má parọ́ mọ́ awò, ó ṣiṣẹ́. Nígbà tó yá, ó ń jó láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin láìmí hẹlẹ. Inú mi ò dùn tó bó ṣe yẹ, nítorí mo ti sọ pé kò lè ṣeé ṣe.

Ọjọ́ ayẹyẹ pé. Kí ijó tó bẹ̀rẹ̀, bàbá gbọ́dọ̀ kúnlẹ̀ bọ́ bàtà pẹlẹbẹ lẹ́sẹ̀ ọmọ, kó fi onígìgísẹ̀ gíga wọ̀ ọ́, láti fi hàn pé ó ti di ọmọge. Wilberth kúnlẹ̀ dáadáa, ó wọ bàtà náà fún un. Kò wá dìde.

Ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀ sí í nu ojú, ó ní ìfẹ́ ọmọ ló dá ọkùnrin náà dúró. Àwọn yòókù bá a sunkún. Èmi mọ ọkọ mi, orúnkún ni.

Yareli tẹ̀ sétí rẹ̀. "Papá, ṣé ẹ̀ ń sunkún ni?"

"Mi ò sunkún. Mi ò lè dìde ni."

Ọmọ náà kò rẹ́rìn-ín. Ó bọ́ bàtà tuntun náà sọnù, ó fi ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ abíyá bàbá rẹ̀. "Ẹ fara tì mí." Wọ́n jọ dìde, ìgbà yẹn ni Wilberth wá sunkún lóòótọ́, omijé tèmi náà sì dà. Ọmọ jó láìwọ bàtà, bàbá kò jókòó títí orin fi parí.

Lọ́jọ́ Ajé mo bá a lórí ìkúnlẹ̀ nílé ìdáná, ó ń fi búrọ́ọ̀ṣì fọ ilẹ̀. Awò wà lórí ìkọ́ lára ògiri.

"Ìyá Yareli," ló wí, "jọ̀ọ́, wá gbé mi dìde."

Mo ní kó kọ́kọ́ fọ abẹ́ ààrò tán.